Wáyà olówó ńlá ní GRA: Ṣé orin ló ń dùn sí i ni, àbí àpò ló ń gbẹ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé wáyà iná, èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ orin tàbí tẹlifíṣàn, lè mú kí orin dùn ju bó ṣe wà lọ? Bí ẹ bá bi mẹ̀kúnnù, yóò ní kí ẹ jẹ́ kóun kọ́kọ́ rí iná ná. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi àwọn olówó tí orin ti wọ̀ lẹ́jẹ̀, àwọn tó kó ẹ̀rọ olówó ńlá sí pálọ̀ ní Ìkẹjà GRA, láti Isaac John títí dé Joel Ogunnaike, ẹ ó rí i pé àwọn kan nínú wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á yọ wáyà tó bá ẹ̀rọ wọn wá láti ilé iṣẹ́ sọnù, wọ́n á fi òmíràn tó ki bí òjòlá rọ́pò ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ nílùú òyìnbó.

Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là! Nítorí wáyà tí kò gùn ju mítà méjì lọ!

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí iná yẹn ti ń bọ̀ ná. Ní Egbin, lápá Ìkòròdú, ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè iná 1,320 megawatts. Iná tó bá jáde níbẹ̀ á gun orí òpó gíga gàgàrà ní 330,000 volts, wọ́n á bù ú kù sí 132,000, wọ́n á tún bù ú kù sí 33,000, lẹ́yìn náà 11,000, kó tó dé tírànsífọ́mà àdúgbò, tí yóò wá wọlé yín ní 240. Gbogbo ìrìn àjò yẹn, orí wáyà tí ẹyẹ ń bà lé ni, aluminium ló sì pọ̀ jù lára rẹ̀. Ṣé iná tó ti rin gbogbo ìyẹn wá náà ni mítà méjì tó gbẹ̀yìn fẹ́ wẹ̀ mọ́?

Ẹ sì tún wo inú ẹ̀rọ orin fúnra rẹ̀. Bí iná bá ti wọlé, tírànsífọ́mà kékeré tó wà nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ bù ú kù, ẹ̀rọ náà á yí i padà sí irú iná tó ń jáde lára bátìrì, á wá tọ́jú rẹ̀ sínú àwọn agolo kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní capacitor. Inú agolo yẹn ni orin ti ń bu iná lò, kì í ṣe lára wáyà tààrà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 500 watts ń fa nǹkan bíi amp 2. Wáyà bàbà gidi tí wọ́n kọ 1 mm² sí lára, tó gùn ní mítà 2, kò ní í dín iná yẹn kù tó ìdajì volt kan. Kódà kò tó ìdá márùn-ún volt kan. Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àdúgbò tó lè wá láti 240 sí 180 láàárín wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá bo ojú àwọn tó ń fi wáyà yangàn yìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ èwo ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn Wall Street Journal gbé ìtàn bàbá lọ́yà kan jáde ní Japan, ẹni ọdún 82, tó ná nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là láti ri òpó iná tirẹ̀ mọ́ àgbàlá, kí iná àwọn aládùúgbò má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ orin rẹ̀. Àwa náà kúkú ní irú rẹ̀ l'Ékòó níbí, àwọn olówó wa ń ra tírànsífọ́mà tiwọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orin o, kí fíríìjì lè ṣiṣẹ́ ni.

Orúkọ NEPA ti kúrò nílẹ̀ láti 2005 tó ti di PHCN, Ikeja Electric sì gba ti agbègbè wa ní November 2013, síbẹ̀ "Up NEPA!" náà ni ọmọdé ṣì ń ké. Ní April 2024, owó iná àwọn tí wọ́n kó sí Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà, iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí dákú ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Irú ìyẹn ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀, wáyà tó yẹ kí ẹ̀rù máa bà wá wà o. Èyí tí kò dáa ni. Ẹ lọ sí Computer Village, ẹ ó rí wáyà tó ṣàn bí i bàbà lójú, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé aluminium ni wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́ bò. Ẹni tó ń tà á á ní, "Dádì, original ni, ẹ má dá ara yín láàmú." Ẹ ní, "Ọmọ mi, fi ọ̀bẹ họ ọ́ kí n rí inú ẹ̀." Ẹ wò ó bóyá á họ ọ́! Tí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ gbé e padà fún un. Tí irin mágnẹ́ẹ̀tì bá sì fà á, ó tún burú jùyẹn lọ, irin ni wọ́n fi bàbà kùn. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń gbóná, ilé sì lè ti ibẹ̀ jó.

Òmíràn ni ti fíúsì inú púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀rọ tí kò jẹ tó 700 watts, amp 3 ló yẹ ẹ́. Àwa á ki 13 bọ̀ ọ́. Bí ìyẹn náà bá jó, a ó ká bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọn, a ó ní ó ti ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, wáyà ni yóò jó dípò fíúsì.

Èyí tó ń dun èèyàn jù ni ti tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Iná 120 volts ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ orin olówó iyebíye á dé pẹ̀lú wáyà eléyín pẹlẹbẹ méjì, oníná kan á gé e, á fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sí i, á ní, "Ó ti parí, sà." Kò parí o! Púlọ́ọ̀gì ló yí padà, ẹ̀rọ kò yí padà. Bí wọ́n bá ṣe kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, èéfín á sọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà: tí wọ́n bá kọ 100–240 síbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, tó bá jẹ́ 120 nìkan, ẹ wá tírànsífọ́mà tó ń bu iná kù. Ti London kò ní wàhálà yìí, iná wọn bá tiwa mu.

Tí gbohùngbohùn yín bá sì ń ké "hùùù" láìsí orin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì fún yín. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ kó má baà gbé ọmọ yín. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀rọ náà sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ariwo náà á dákẹ́. Bó bá jẹ́ inverter pọ́ọ́kú lẹ ń lò, òun náà lè máa pariwo.

Ẹni tówó ń gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, kó ní kí oníná tó mọṣẹ́ fa wáyà 2.5 mm² tààrà láti bọ́ọ̀dù wá síbi ẹ̀rọ orin, kí ó yẹ irin ilẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ wò, kó sì ra stabilizer tó kúnjú ìwọ̀n. Owó rẹ̀ kò tó ti wáyà òjòlá yẹn rárá. Tí wọ́n bá sì mú iná dé, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ké "Up NEPA" tán, kẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó tan ohunkóhun.