Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Fi Síkì Àwọn Ọ̀gá Sílẹ̀

Àwọn kan nínú yín mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti dé Florida ni síkì orí omi ti wọ̀ mí lẹ́wù. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan lára àwọn tó ti jáde bi mí pé irú síkì slalom wo ló yẹ kí òun rà. Ó ní òun ti rí ọ̀kan tó wu òun, irú èyí tí àwọn tó ń gba ife-ẹ̀yẹ ń lò. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo wa lónìí: ẹ fi síkì àwọn ọ̀gá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Ẹ ra èyí tó bá eré tí ẹ̀yin fúnra yín ń sá mu. Owó ara mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn tún fi tirẹ̀ kọ́ ọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí, ọkọ̀ ojú omi ni yóò máa sáré lọ níwájú, okùn á wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ á di ọwọ́ okùn mú, wàá sì dúró lórí síkì. Ní ọdún 1922, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Samuelson ló kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí adágún Lake Pepin ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Pákó méjì ló so mọ́ ẹsẹ̀. Níbi tí mo wà yìí gan-an ló wá di eré ìwòran ńlá, ní Cypress Gardens tó wà ní Winter Haven, láti àwọn ọdún 1940. Slalom ní tirẹ̀ jẹ́ síkì ẹyọ kan: ẹsẹ̀ kan níwájú, èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Níbi ìdíje, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni eléré gbọ́dọ̀ yí ká, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, lójú omi tó gùn tó mítà 259. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa kò ní bọ́ọ̀lù kankan níwájú. Kí á gé sọ́tùn-ún, kí á gé sósì, kí omi fọ́n sókè, kí ara wa yá gágá, ó ti parí. Aláfẹ́ ni wá. Àwa aláfẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ mi bá wí.

Ní ọdún kejì mi nílé-ìwé, mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkàwé. Oṣù márùn-ún ni mo fi tọ́jú owó kí n tó lè ra síkì tèmi. Mo rí àlòkù kan, kábọ̀nù láti imú dé ìdí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán bíi dígí. Ẹni tó ń tà á ní àwọn akọni eléré ló ń lo irú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún méje dọ́là. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ síkì wa kìlọ̀ fún mi pé síkì náà kò tíì yẹ mí. Mo rò pé ó ń fojú tín-ín-rín mi ni. Mo san owó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ omi, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ọkọ̀ fà mí tí n kò dìde. Ọkọ̀ fà, mo rì. Ọkọ̀ fà, mo dojú bomi. Nígbà tí mo dìde lẹ́ẹ̀keje, mo gbìyànjú láti yí, síkì náà dúró gbagidi lábẹ́ mi bí ẹni pé ó kọsẹ̀, mo sì tún ṣubú. Báyìí la ṣe fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ṣe é. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á jókòó nínú ọkọ̀, epo á máa jó, wọ́n á máa sọ pé kò burú. Èmi mọ̀ pé ó burú.

Mo sọ ọ́ fún màámi lórí fóònù. Ará Ìbàdàn ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé Ìlàjẹ ni bàbá rẹ ni? Kí lo ń wá lórí omi ná?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú ẹgbẹ́ wa. Bí mo bá ṣubú, ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan kọ́ ni mo ṣubú. Mo ti ń gbà lọ́kàn mi pé bóyá lóòótọ́ ni, bóyá omi kì í ṣe tiwa. Mo ti fẹ́ fi eré náà sílẹ̀.

Màmá òyìnbó kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló yọ mí. Ó máa ń wá sí adágún tí à ń lò láràárọ̀ Sátidé. Síkì tirẹ̀ fẹ̀, kò ní ẹwà kankan, àwọ̀ ara rẹ̀ ti ṣá. Máìlì 28 ní wákàtí kan ni wọ́n fi ń fà á, ó sì ń yí bí ẹyẹ. Ó wo bí mo ṣe ń jìyà, ó ní kí n gbé tirẹ̀ wò. Ìfà àkọ́kọ́ báyìí, mo ti dúró. Mo gé sọ́tùn-ún, mo yí, n kò ṣubú. Mo kígbe débi pé awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe omi ló kọ̀ mí. Síkì ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí kì í ṣe oògùn. Ohun méjì ló ń gbé èèyàn dúró lórí omi: eré tí ọkọ̀ ń sá, àti bí síkì ṣe fẹ̀ tó. Bí eré bá pọ̀, síkì tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé ọ, yóò sì yí kíákíá nítorí pé ó jókòó sínú omi dáadáa. Bí eré bá dín kù, síkì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kan náà á rì jù, á máa ti omi síwájú, apá àti ẹ̀yìn rẹ á sì máa ru ẹrù tí kò yẹ kí wọ́n rù. Bó o bá dé ibi ìyípo, tí eré tún dín sí i, á dúró gbagidi. Ohun tó ṣe mí nìyẹn.

Nísinsìnyí, ẹ wo iye eré tí àwọn ọ̀gá ń sá. Ní ìpele gíga jù lọ, máìlì 36 ní wákàtí kan ni ti ọkùnrin, ìyẹn kìlómítà 58. Ti obìnrin jẹ́ 34, ìyẹn kìlómítà 55. Okùn wọn ń kúrú sí i bí wọ́n ṣe ń yege. Mítà 18.25 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń dé ibi tí okùn kò ní tó mítà 11.5 mọ́, bẹ́ẹ̀ mítà 11.5 ni bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fi jìnnà sí àárín ọ̀nà ọkọ̀. Ìyẹn ni pé okùn fúnra rẹ̀ kò lè dé ibi bọ́ọ̀lù. Eléré ní láti na gbogbo ara rẹ̀ kó tó lè yí i ká. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe síkì wọn fún. Ta ni nínú àwa aláfẹ́ ló ń ṣe é? Máìlì 26 sí 32 ni ọ̀pọ̀ wa ń sá. Ẹ̀wù tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn ni à ń gbé wọ̀, a wá ń bínú sí èjìká wa.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwọ̀ tàbí orúkọ tó wà lára síkì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, eré mélòó ni mò ń sá, kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ sá lọ́dún tó ń bọ̀? Èkejì, kí ni ìwọ̀n ara mi? Ẹ má purọ́ fún òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ síkì àgbàlagbà máa ń gùn láàárín ínǹṣì 65 sí 69. Ẹni tó bá wúwo, tàbí tí eré rẹ̀ kò pọ̀, èyí tó gùn ló máa mú. Àwọn tó ń ṣe síkì máa ń tẹ àtẹ kan jáde tó so ìwọ̀n ara pọ̀ mọ́ eré ọkọ̀. Ẹ tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá bọ́ sí ààlà ìwọ̀n méjì, ẹ mú èyí tó tóbi. Ẹ̀kẹta, ìgbà mélòó ni mò ń dé orí omi lọ́dún? Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́dún nílò síkì tó máa dárí jì í nígbà tó bá ṣàṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà tún wà níbẹ̀. Bàtà iwájú gbọ́dọ̀ fún mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa láìdun ẹsẹ̀, nítorí bí gìgísẹ̀ bá ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ló máa jẹ gbèsè lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣubú. Ní ti ẹ̀yìn, mo fara mọ́ ìdè kékeré tí à ń ki ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ju odindi bàtà lọ fún àwa aláfẹ́. Ó rọrùn láti fi dìde látinú omi, torí ẹ lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà lómìnira títí ara á fi balẹ̀. Lẹbẹ kékeré tó wà lábẹ́ ìdí síkì, bíi ti ẹja, ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ń sún tiwọn ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí. Tiwa kò tíì débẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ wo ibi tí ìdè bàtà ti wọ ara síkì bóyá ó ti sán. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀ láti imú dé ìdí. Ibi tó bá rọ̀, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gùn ún kí ẹ tó san owó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó mọ iṣẹ́ ní síkì ìdánwò. Ẹ gbé méjì wò ní ọjọ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà, eré kan náà, okùn kan náà. Ẹ má ṣèdájọ́ pẹ̀lú ìgbà àkọ́kọ́ tí ara ṣì le. Ìgbà tó bá ti rẹ̀ yín ni ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fún mi. Ìyá wa ló kọ́ wa pé bàtà ilé-ìwé, kí á ra èyí tó tóbi, ọmọ á dàgbà bá a. Wọ́n á ní kí n ra síkì ọ̀gá nísinsìnyí, màá dàgbà bá a. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n síkì kì í ṣe bàtà. Ẹni tó wọ bàtà tó tóbi á ṣì rìn dé ilé-ìwé. Ẹni tó gun síkì tó ju agbára rẹ̀ lọ kì í dàgbà bá a. Àṣà burúkú ló máa ń kọ́: á máa fi ẹ̀yìn fa okùn, á máa jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìbẹ̀rù á sì wọ̀ ọ́ lára. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń tú àṣà wọ̀nyí ká.

N kò sì sọ pé kí ẹ lọ ra pákó tó kéré jù lówó o. Èyí tó rọ̀ jù, tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í di omi mú nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé, yóò sì sú yín kí ọdún tó parí. Àárín ni mò ń sọ: síkì tó fẹ̀ díẹ̀, tó le díẹ̀, tí wọ́n ṣe fún eré tiwa. Síkì tuntun ti àwọn ọ̀gá máa ń lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là dáadáa. Ti àárín kéré sí i gan-an. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra epo, ẹ fi ra àkókò lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ fi san owó olùkọ́ fún ọjọ́ kan. Kò sí kábọ̀nù tó lè rọ́pò wákàtí lórí omi.

Mo ta síkì dídán yẹn ní irinwó dọ́là. Ó dùn mí. Mo ra ọ̀kan tó fẹ̀, àlòkù náà ni, mo sì ṣẹ́ owó kù. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé fóònù sọ́wọ́ ẹnì kan nínú ọkọ̀ kó ya fídíò mi, mo sì fi í ránṣẹ́ sí màámi. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ Ìlàjẹ, máa wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ o." Mò ń wọ̀ ọ́, màámi.

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè, ẹ kú ìfẹ́ eré. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ ra èyí tó bá yín mu lónìí. Bí eré yín bá pọ̀ sí i lọ́la, síkì kò ní tán ní ṣọ́ọ̀bù.