Ojú Ta Ni Ó Wà Lára Ife Yìí?

Ife kan wà ní ilé ìdáná wa tí ojú màmá arúgbó kan wà lára rẹ̀. Níbi ìsìnkú wọn ni wọ́n ti fún ìyá mi ní ife náà. Lábẹ́ àwòrán yẹn, wọ́n kọ orúkọ màmá náà, ọdún tí wọ́n bí wọn, ọjọ́ tí wọ́n papòdà, àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi ife náà ta àlejò lọ́rẹ. N kò rí màmá yìí rí láyé mi, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá fi ife wọn mu omi, mo mọ ojú ẹni tí mo ń wò.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ife mìíràn wà tí ojú wà lára rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ojú rẹ̀ le koko, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, eyín rẹ̀ yọ síta. Àwọn ilé ọtí àti ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní tiki ni wọ́n fi ń bu ọtí fún oníbàárà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà ti wó, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń wá ẹrù inú wọn kiri bí ẹni tó ń wá wúrà. Wọ́n ń kó ife jọ, wọ́n ń kó páálí ìṣáná, àwo eérú sìgá, ìwé tí wọ́n to orúkọ oúnjẹ sí, títí dé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ro ọtí pọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ilé ọtí tí ife kan ti wá, wọn yóò dárúkọ rẹ̀, wọn yóò sì sọ ọdún tí wọ́n ṣí i àti ọdún tí wọ́n tì í. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ojú ta ni ó wà lára ife náà. Ọ̀pọ̀ ni yóò kàn dáhùn pé, "Tiki ni."

Ìdáhùn yẹn kò tó. Ẹnu ẹni méjì ni mo sì fẹ́ pa mọ́ nínú àròkọ yìí. Ẹni kìíní ni ẹni tó ní pàǹtírí lásán ni gbogbo ẹrù wọ̀nyí, kí wọ́n dà á nù. Ẹni kejì ni ẹni tó ní eré lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èmi sọ pé kí wọ́n máa kó o jọ, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ife jọ tí kò sọ ojú ẹni tó wà lára rẹ̀, irọ́ ni ó ń tọ́jú.

Kí ni tiki gan-an? Lọ́dọ̀ àwọn Māori, tí wọ́n kọ́kọ́ ni ilẹ̀ New Zealand, Tiki wà nínú ìtàn ìṣẹ̀dá wọn gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin àkọ́kọ́. Ní àwọn erékùṣù Marquesas, tiki ni ère tí wọ́n gbẹ́ fún òrìṣà àti fún àwọn babańlá. Ní Hawaii, ki'i ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ọbàtálá ni ó ń mọ orí àti ara ènìyàn, a sì mọ̀ pé ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún un. Ká ní àjèjì kan wá gbẹ́ ojú Ọbàtálá sára ife, tó bu ọtí kún inú rẹ̀, tó sì ń tà á fún àwọn tó ń jó. Ṣé a máa rẹ́rìn-ín?

Kì í ṣe ọmọ erékùṣù Pàsífíìkì ni ó dá ilé ọtí tiki sílẹ̀. Ernest Gantt, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti rìnrìn àjò dé ìhà ibẹ̀, ni ó ṣí àkọ́kọ́ ní Hollywood lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí òfin tó ka ọtí léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1933. Don the Beachcomber ni wọ́n ń pe ilé náà, nígbà tó sì yá, ó yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Donn Beach. Victor Bergeron tẹ̀ lé e. Ó ti ṣí ilé ọtí tirẹ̀ ní Oakland ní 1934, kí ó tó sọ ọ́ di Trader Vic's. Ẹsẹ̀ kan ni Bergeron ní. Àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ eegun ni ó gba ẹsẹ̀ kejì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún oníbàárà pé ẹja ṣáàkì ni ó gé e jẹ. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí ni gbogbo ilé náà ṣe rí. Oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ Pàsífíìkì, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Ife tó dà bí ère erékùṣù, Japan ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ọtí tó wà nínú rẹ̀, rọ́ọ̀mù ni, ọtí ìrèké láti Jàmáíkà àti Cuba, ní ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ láti ro oko ìrèké lẹ́rú. Àwọn tó ń po ọtí náà sì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Philippines. Ọ̀kan nínú wọn, Ray Buhen, ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gantt kí ó tó ṣí Tiki-Ti tirẹ̀ ní Los Angeles ní 1961. Ìdílé rẹ̀ ni ó ń bójú tó o lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni mélòó ni ó mọ orúkọ Buhen bí wọ́n ṣe mọ orúkọ Trader Vic?

Ẹni tó bá ní eré lásán ni kò tíì bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n ni ojú wọ̀nyẹn. Ojú òkúta gígùn tó wà lára ọ̀pọ̀ ife náà, láti erékùṣù Rapa Nui ló ti wá, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Easter Island. Ní 1862, àwọn ọkọ̀ láti Peru dé ibẹ̀, wọ́n sì kó èyí tó lé ní 1,000 ènìyàn lẹ́rú lọ. Àwọn díẹ̀ tó padà sílé mú àrùn ìgbóná bọ̀. Nígbà tó fi di 1877, ènìyàn 111 péré ni ó kù ní gbogbo erékùṣù náà. Ní àárín ìyà yẹn, ní 1868, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbé ère òkúta wọn tí a ń pè ní Hoa Hakananai'a lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí di òní. Ní 2018, àwọn aṣojú Rapa Nui lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Láti 1946 sí 1958, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní ìgbà 67 ní àwọn erékùṣù Marshall, nínú Òkun Pàsífíìkì kan náà. Wọ́n kó àwọn ará Bikini kúrò ní ilẹ̀ baba wọn kí wọ́n lè ráyè yìn ín. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé ọtí tiki ń gbilẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Ní òru, wọ́n ń jókòó sábẹ́ ewé ọ̀pẹ, wọ́n ń mu ọtí sí àlàáfíà erékùṣù. Ní ọ̀sán, ìjọba wọn ń sọ erékùṣù di eérú. N kò ní oníbàárà ló yin bọ́ǹbù. Ohun tí mo ń sọ ni pé àlá dídùn tí wọ́n ń tà nínú ife yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn rí erékùṣù tòótọ́.

Ní báyìí, mo lè gbọ́ ohùn ẹni kìíní tó ń sọ pé, "Bí ó bá burú tó bẹ́ẹ̀, ẹ fọ́ gbogbo ife náà." Rárá o. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Àkísà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni ó ń jẹ́rìí ibi tí a ti ń bọ̀. Ilé oúnjẹ ńlá kan wà ní Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí wọ́n ń pè ní Kahiki. 1961 ni wọ́n ṣí i. Ère ńlá méjì tí iná ń jó lórí wọn ni ó ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1997, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ní 2000, wọ́n tì í, wọ́n sì wó o lulẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ilé ìtajà oògùn síbẹ̀. Ìwé ìjọba kò gbà á sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ife, páálí ìṣáná àti ìwé oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní aláàkìísà. Bí a bá fọ́ àwọn wọ̀nyí, kí ni a ó fi sọ fún ọmọ tí a kò tíì bí pé báyìí ni wọ́n ṣe sọ òrìṣà di ohun ọ̀ṣọ́? Ẹni tó bá ba ẹ̀rí jẹ́, ọ̀daràn ni ó ń ràn lọ́wọ́.

Ẹni kejì, ìwọ tí o ní eré ni, jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí. Táyé ni wọ́n bí màmá àgbà mi. Kẹ́hìndé wọn kú ní kékeré, àwọn òbí wọn sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì fún un. Ìyá wọn ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ fún un, ó sì ń gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀ bí ó ṣe ń gbé e síwájú Táyé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àlejò kan dé, ẹnìkan nínú ẹbí sì ta ère náà fún un láìbi ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Títí di òní, màmá àgbà kò mọ ibi tí Kẹ́hìndé wà. Ó lè jẹ́ pé orí pẹpẹ ẹnìkan ni ó wà, kí wọ́n kọ "ère Áfíríkà" sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni pẹpẹ náà lè jẹ́ ènìyàn rere. Ó lè máa nù ún lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un pé ọmọ ni, àti pé ó ní orúkọ?

Àwọn kan yóò bi mí pé, "Ṣé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa náà kò ń gbẹ́ ère tà fún àlejò? Ṣé àwọn ará Hawaii náà kò ń tà?" Òótọ́ ni, wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ tirẹ̀ mọ èyí tó wà fún títà àti èyí tó wà fún ojúbọ. Òun ni ó ń pààlà láàárín méjèèjì, òun ni ó sì ń náwó rẹ̀. Wọn kò bi àwọn ará Rapa Nui ní ohunkóhun kí wọ́n tó fi ojú babańlá wọn bu ọtí, kọ́bọ̀ kan kò sì kàn wọ́n.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ni ó kan ẹni tó ra ife ní ọjà lónìí nínú ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ti kú. N kò pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Àmọ́ òun ni ife wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n mọ ọdún, tí wọ́n mọ àmì tó wà nídìí ife, tí wọ́n lè fi ojú lásán mọ ayédèrú yàtọ̀ sí ojúlówó. Ẹni tó lè wádìí ilé iṣẹ́ tó ṣe ife kò lè sọ pé òun kò lágbára láti wádìí ojú tó wà lára rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n kọ ìwé kékeré sábẹ́ ife kọ̀ọ̀kan: ère àwọn wo ni wọ́n wò ṣe é, ibo ni wọ́n ti mọ ọ́n, àwọn wo ni wọ́n fi í gbé ọtí fún ènìyàn. Bí wọ́n bá rí ojúlówó ère tí wọ́n gbẹ́ fún ojúbọ láàárín ẹrù tí wọ́n rà, kí wọ́n wá àwọn tó ni ín kàn, nítorí ìyẹn kì í ṣe ẹrù ilé ọtí. Bí wọ́n bá sì tún fẹ́ ra tuntun, kí wọ́n rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ Pàsífíìkì tó ń gbẹ́ ère títí di òní, kí owó náà lè dé ibi tí ojú náà ti wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni. Nínú British Museum kan náà tí ère Rapa Nui wà ni ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 wà. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Bí a bá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n pe ti ẹlòmíràn ní eré, ẹnu wo ni a ó fi bèèrè tiwa?

Ife tó wà nílé ìdáná wa kò wọ́n. Kò sí ẹni tí yóò rìnrìn àjò nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ màmá náà wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lórí gbogbo ife yòókù.