Ìjánu ọkọ̀ tó ń ké: Ẹ wò ó kí ẹ tó pa á lẹ́nu mọ́

Ẹni tó bá dúró sí oríta Ndokoti ní Douala ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò gbọ́ ọ. Bí àwọn takisí aláwọ̀ ìyeyè ṣe ń dúró gbé èrò ni ìjánu àwọn mìíràn ń ké fíín-fíín, bíi gòjé lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Kò sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn. Ariwo náà ti di ara ìlú, bíi fèrè àwọn ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin níbẹ̀.

Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu àti Lomé, bákan náà ló rí. Èrò tèmi ni pé ariwo ìjánu kì í ṣe ohun tó yẹ kó mọ́ wa lára. Ìròyìn ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kà á nílé rẹ̀, kí mẹkáníìkì tó kà á fún un, kí títì tó kà á fún gbogbo ayé.

Ọ̀pọ̀ wa kì í kà á. Àwọn kan á yí rédíò sókè. Àwọn kan á ní kí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fi ọ́ìlì tàbí gírísì kan ojú páàdì kí ariwo lè dákẹ́. Ó sì máa ń dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró ni pé páàdì gbá dísìkì mú, tí wọ́n ń fi ara ha ara. Bí ọ́ìlì bá ti bọ́ sáàárín wọn, ohun tó ń ké ti dákẹ́, ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró náà sì ti lọ. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó di ajá rẹ̀ lẹ́nu nítorí pé ó ń gbó olè.

Ohun tí ìjánu tí kò ṣiṣẹ́ lè fà

Àwọn ará Douala mọ ìtàn yìí dáadáa. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, òjò já ọ̀nà Yaoundé sí Douala ní Matomb, èrò bá ya lọ síbi ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n so àwọn ọkọ̀ èrò mìíràn mọ́ ọn kó lè gbà wọ́n. Ọkọ̀ náà kò dé Douala. Ó yẹ̀ kúrò lórí irin ní Eséka. Èèyàn 79 ló kú gẹ́gẹ́ bí iye tí ìjọba kéde, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló sì farapa. Ìwádìí ìjọba ní eré àsápajúdé ló fà á jù, ó sì tún tọ́ka sí ẹrù tó pọ̀ jù àti ìjánu tí kò péye.

Ní Èkó, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná lórí afárá Otedola. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta sì jóná. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sọ pé ó jọ pé ìjánu ló kọṣẹ́.

Mi ò sọ pé páàdì tó ń ké lára Corolla yín máa fa irú èyí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjánu kì í sábà kú lójijì. Ó máa ń ránṣẹ́ ṣáájú.

Kí ló ń ké gan-an?

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwo irin kan tí à ń pè ní dísìkì ló ń yí pẹ̀lú táyà iwájú. Bí ẹ bá tẹ ìjánu, kálípà á fún páàdì méjì mọ́ ọn láti inú àti láti ìta. Ní Douala, plaquette ni wọ́n ń pe páàdì yìí; ẹ rántí orúkọ náà bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́jà níbẹ̀. Bí páàdì kò bá jókòó dáadáa, yóò máa gbọ̀n lára dísìkì. Gbígbọ̀n yẹn ni etí ń gbọ́. Bí ọrun gòjé ṣe ń mú okùn kọrin náà ni páàdì ṣe ń mú irin ké.

Ohùn mẹ́ta ló yẹ kí awakọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra.

Àkọ́kọ́ ni igbe òwúrọ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju 3,500 mílímítà lọ, ó tó ìlọ́po méjì ti Èkó. Bí ọkọ̀ bá sùn síta, dísìkì á dípẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́jú. Bí ẹ bá ti tẹ ìjánu ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, páàdì á ha ìpẹtà náà kúrò, igbe á sì dáwọ́ dúró. Ẹ má náwó sí èyí.

Èkejì ni igbe tó ń dún ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ ìjánu, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ páàdì ni wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan sí lára, kó lè máa ha dísìkì nígbà tí páàdì bá fẹ́ tán. Wọ́n dìídì ṣe é kó máa ké ni. Ó sì tún lè jẹ́ pé yanrìn ló há sí i lẹ́yìn àgbàrá, tàbí pé ooru ti mú ojú páàdì dán bíi dígí. Ẹ ò lè mọ èyí tó jẹ́ láìwò ó.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe igbe mọ́. Ó ń dún gàrà-gàrà bíi pé wọ́n ń lọ irin mọ́ irin. Páàdì ti tán nìyẹn, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ dísìkì. Ẹ gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi lọ síbi iṣẹ́, ẹ má fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ẹ má sì sọ pé ó di Sátidé.

Bí ẹ ṣe lè wò ó nílé

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, kí ẹ jẹ́ kí ìjánu tutù. Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi igi há táyà ẹ̀yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Bó bá ti gòkè, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ irin tó dúró gbọn-in. Jáàkì nìkan kò tó, ó lè yẹ̀. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ dúró, nítorí búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ yọ táyà iwájú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín kálípà. Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mílímítà 10 sí 12. Bó bá ku mílímítà 3, àsìkò ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ti inú àti ti ìta. Bí ọ̀kan bá ti jẹ ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé píìnnì tí kálípà fi ń sún ló ti há. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan dísìkì. Bí ojú rẹ̀ bá ti rí bí ebè, tàbí tó ti sán, páàdì nìkan kọ́ lẹ máa rà.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ọ́ìlì ìjánu. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé páàdì ti jẹ, ó sì lè jẹ́ pé ó ń jò níbì kan. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí ìjánu bá gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi náà á hó, ẹsẹ̀ yín á sì rì bíi pé fóòmù lẹ ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bíi ọdún méjì-méjì, pàápàá ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin bíi Douala.

Ibi tí ọwọ́ yín dé, àti ibi tó mọ

Bí páàdì bá ṣì nípọn tó jẹ́ pé eruku ló ń dà á láàmú, ẹ fi omi tí wọ́n ń tà fún fífọ ìjánu fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ẹnu tàbí páńpù fẹ́ eruku náà. Àwọn páàdì kan lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi gírísì ìjánu tó ń gba ooru pa ẹ̀yìn páàdì àti etí rẹ̀ tó ń sún, fẹ́ẹ́rẹ́. Kò gbọdọ̀ kan ojú páàdì tàbí dísìkì.

Bí ẹ bá máa pààrọ̀ páàdì, ọ̀tún àti òsì lẹ máa ṣe pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí kálípà máa rọ̀ dirodiro lórí páìpù rọ́bà rẹ̀; ẹ fi wáyà so ó kọ́. Bí ẹ bá parí, ẹ tẹ ìjánu léraléra títí yóò fi le, kí ẹ tó sún ọkọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ dé ilẹ̀ láì dá ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, níbi tí kò sí èrò, ẹ sáré dé bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ wá sí 10. Ẹ ṣe é ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí páàdì àti dísìkì lè mọra.

Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ń jò, bí ìjánu bá ń rì, bí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí iná ìkìlọ̀ bá tàn, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́.

Ta ló yẹ kó sanwó?

Àwọn mẹkáníìkì kan á ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó ti wo páàdì rẹ̀, tó mọ̀ pé ó ku mílímítà méjì, kò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò. Mẹkáníìkì olóòótọ́ kì í bẹ̀rù irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta páàdì ayédèrú tàbí èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn ló ń bẹ̀rù rẹ̀, yálà ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Douala.

Àwọn mìíràn á ní owó kò sí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n páàdì tí ẹ kò rà lónìí á jẹ dísìkì lọ́la, iye dísìkì sì ju ti páàdì lọ. Iye ilé ìwòsàn ju méjèèjì lọ.

Ní ti takisí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ takisí ní Douala kọ́ ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Wọ́n ń jíṣẹ́ owó ojoojúmọ́, tí wọ́n ń pè ní recette, fún ọ̀gá tó ni ín. Awakọ̀ ló ń gbọ́ igbe ìjánu, ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ń gba owó. Awakọ̀ ń ronú pé bí òun bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ kan, recette ọjọ́ náà ṣì wà lọ́rùn òun. Ọ̀gá ní tirẹ̀ kò gbọ́ nǹkankan. Èrò tó jókòó sẹ́yìn ló gbé gbogbo ewu náà lé orí.

Ẹni tó ń gba recette ló yẹ kó ra plaquette. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì ń tún ìjánu ṣe, kò yẹ kí wọ́n bèèrè owó lọ́wọ́ awakọ̀. Ìwé visite technique tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, torí ọjọ́ tí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò nìkan ló ń jẹ́rìí sí. Àwọn ọlọ́kọ̀ nílùú tiwa tó ń gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà, ẹ gbọ́ o.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Awakọ̀ ní láti fi etí kún un. Bí ìjánu ọkọ̀ yín bá ké ní òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ ka iye ìgbà tó ké. Bó bá ju márùn-ún lọ, ẹ wá tọ́ọ̀ṣì.