Ohùn rédíò onífáàfù dùn, ṣùgbọ́n iná dà?

Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún nílẹ̀ Yorùbá yóò rántí rédíò ńlá onípákó tí baba ilé máa ń gbé sórí tábìlì ní pálọ̀. Bí wọ́n bá tàn án, kì í fọhùn lójú ẹsẹ̀. Àfi kí àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná, kí wọ́n pọ́n bí ẹyín iná. Àwọn gílóòbù náà ni wọ́n ń pè ní fáàfù.

Lára ohun tí irú rédíò bẹ́ẹ̀ ń gbé wọlé ni ELWA, ilé-iṣẹ́ rédíò tí àwọn ajíhìnrere SIM dá sílẹ̀ lọ́dún 1954 ní Paynesville, tí kò jìnnà sí Gardnersville ní Monrovia. Ìgbàjà, ní Kwara níhìn-ín, ni wọ́n ti ń gba ètò Yorùbá sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Kí ló mú ohùn fáàfù yàtọ̀? Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú gílóòbù náà jáde. Irin kan ń gbóná nínú rẹ̀, iná ń fò láti ara rẹ̀ lọ bá irin kejì, àwọ̀n wáyà sì wà láàárín wọn bí oníbodè. Lee de Forest ará Amẹ́ríkà ló fi oníbodè yìí sí i lọ́dún 1906. Ohùn tín-ń-tín tó bá kan àwọ̀n náà ni yóò máa dín iná ọ̀hún kù tàbí kí ó bù kún un, títí ohùn kékeré yóò fi di ńlá. Bí wọ́n bá yí i sókè ju agbára rẹ̀ lọ, fáàfù kì í gé ohùn lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni í tẹ orí rẹ̀, a sì máa fi ìró kan náà tó ga sí i kún un, bí ìgbà tí obìnrin bá ń gbe orin ọkùnrin. Etí ń gba èyí bí adùn. Tìràǹsísítọ̀, tó dé lọ́dún 1947, a máa gé e bí ẹni fi àdá gé igi, ariwo rẹ̀ a sì máa ha etí. Àwọn onígìtá mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ohùn kọjá ààlà, ìyàtọ̀ náà kéré ju bí àwọn olólùfẹ́ fáàfù ṣe ń pariwo rẹ̀ lọ.

Iná ni ìṣòro rẹ̀. Lọ́dún 1990, ogun Làìbéríà ba ELWA jẹ́, ó sì pa iná mànàmáná Mount Coffee tó wà lórí odò St. Paul, Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ẹ̀rọ ibẹ̀ tó tún ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor ya wọ Gardnersville ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1992, rédíò onífáàfù tí kò rí jẹnẹrétọ̀ kò yàtọ̀ sí àpótí aṣọ. Rédíò kékeré oníbátìrì, tí ohùn rẹ̀ ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, ni ènìyàn lè gbé mọ́ àyà kí ó fi gbọ́ BBC, kí ó lè mọ ibi tí ogun dé.