Ẹjọ́ Ọmọ Ejò Tí Kò Jẹun

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò mi gbé ike kọ́sítádì kan wá bá mi nílé ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ti dá ihò wẹ́wẹ́ sí ọmọrí rẹ̀. Nígbà tí mo yọjú wo inú rẹ̀, mọ̀nàmọ́ná kékeré kan ni mo bá níbẹ̀. Kò gùn tó láti ìgúnpá mi dé ìka ọwọ́, ó ká ara rẹ̀ jọ rogodo, ó sì fi orí pamọ́ sáàárín. Nínú oko iṣu kan ní ẹsẹ̀ òkè Olóṣùnta ni ó ti rí i. Àwọn tí wọ́n jọ ń roko ti na àdá sókè, òun ni ó bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ gbà mí, Bàbá," ni ó wí. "Òní ni ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Mo fún un ní ẹran, mo fún un ní ẹja, mo fi èkúté sí i nínú ike, kò wo ọ̀kankan. Báwo ni mo ṣe lè mú un jẹun?"

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bá jà. N kò bá ọmọ náà jà o, nítorí àánú ni ó ṣe é, àánú ejò kì í sì í ṣe ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mo ń bá jà: "mú un jẹun". Ta ni ó kọ́ wa pé bí ẹ̀dá kan bá pa ẹnu dé, iṣẹ́ tí ó kàn wá ni láti wá bí a ó ti ṣí i?

Kí n tó dá a lóhùn rárá, ìmọ̀ràn ti dé láti ẹ̀yìn wa. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ bá tèmi kángun síra, tí ó ti tọ́ ọmọ tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, na ọrùn wo inú ike, ó sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ya ẹnu rẹ̀, kí ẹ rọ ọ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ilẹ̀ yìí mọ bí a ti ń rọ ọmọ. Ìyá yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀, yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣe ìkòkò sí ẹnu rẹ̀, yóò sì da ẹ̀kọ tàbí àgbo sínú àtẹ́lẹwọ́ náà. Bí ọmọ bá pa ẹnu dé, a ó fún un nímú. Bí kò bá lè mí mọ́, yóò ya ẹnu, ẹ̀kọ yóò sì wọlé. Ọmọ ń ké, ó ń ta ẹsẹ̀, ẹ̀kọ ń hó ní ihò imú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ a sì máa ki ìyá pé ó mọ ọmọ tọ́. Ó pẹ́ tí àwọn elétò ìlera ti ń kígbe pé ẹ̀kọ tí a fi tipátipá dà sí ọmọ lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, pé ọmọ lè ti ibẹ̀ kú. Mo ti bá wọn ká ẹsẹ̀ sílé òkú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé ní ayé ni ó ṣe é. Ìyá náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, èyí gan-an ni ó sì mú ọ̀rọ̀ náà korò. Ìfẹ́ tí kò lè fara da àìjẹun ẹlòmíràn ni ó fún ọmọ náà nímú.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a rọ ejò, n kò kà á sí ìmọ̀ nípa ejò. Àṣà wa àtijọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kan náà tí wọ́n ń rọ ọmọ ni wọ́n sì sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. A gba òwe náà, a kò gba ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ejò fúnra rẹ̀. Mọ̀nàmọ́ná tí mo ń wí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius. Ó yàtọ̀ sí erè ńlá inú igbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìlú kan kì í ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. Kì í sábà gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, kò ní oró, bí ẹ̀rù bá sì bà á, kì í sábà bu ni jẹ: ńṣe ni yóò ṣù bí bọ́ọ̀lù. Abo rẹ̀ a máa ká yí ẹyin ká fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun títí wọn yóò fi pa. Ọmọ tí ó bá sì jáde kì í jẹun lọ́jọ́ náà, nítorí pupa ẹyin ṣì wà nínú rẹ̀ tí ó ń bọ́ ọ. Ó di ìgbà tí ó bá bọ́ awọ àkọ́kọ́, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ó tó wá oúnjẹ. Àgbà rẹ̀ lè fi ọ̀pọ̀ oṣù gbààwẹ̀ kí ó má kú. Ẹ̀dá tí a dá báyìí, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ẹ ń kà fún?

Oúnjẹ tí a gbé síwájú rẹ̀ wá ńkọ́? Ihò kéékèèké wà ní ètè rẹ̀ tí ó fi ń mọ ooru ara ohun tí ó ń bọ̀. Ẹja tútù lójú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí òkúta. Ní ọdún 1998, Luca Luiselli àti Francesco Angelici tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn mọ̀nàmọ́ná igbó gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé àwọn tí kò gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà, ẹyẹ kéékèèké ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ wọn. Àwọn tí ó gùn ju 100 sẹ̀ǹtímítà lọ ni ó ń gbé ẹran bí eku mì. Èyí ni pé ọmọ ejò tí a fi èkúté bẹ̀ lè má tíì ka èkúté sí oúnjẹ rí. A gbé ọmọ kúrò nílé, a fún un ní ohun tí kò mọ̀, nínú ike funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ láti ìhà gbogbo, a ń ṣí i wò ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, a sì ń sọ pé ó ń ṣe agídí!

Ohun tí mo sọ fún ọmọ àbúrò mi kò gùn. Mo ní kí ó wá àpótí onígi, kí ó tẹ́ ewé gbígbẹ sí i, kí ó da ojú àpáàdì ìkòkò dé ibi kan nínú rẹ̀ kí ejò lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ibi tí ara rẹ̀ yóò fi kan gbogbo ògiri rẹ̀, nítorí ibi fífẹ̀ ń dẹ́rù bà á. Kí apá kan àpótí náà móoru, bí ìwọ̀n 31 tàbí 32, kí apá kejì tutù díẹ̀, kí omi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó dé e, kí ó sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Gbígbàgbé yìí ni ó nira jù fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, kí ó wá èlírí kan tí kò sanra ju ibi tí ejò náà ti sanra jù lọ, èyí tí ó ti kú, kí ó fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó fi sí ẹnu àpáàdì, kí ó sì jáde kúrò níbẹ̀. Èkúté tí ó wà láàyè kò dára, nítorí bí ejò kò bá jẹ ẹ́, òun ni yóò jẹ ejò.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sí àpótí ọmọ àbúrò mi, n kì bá tí kọ orí yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé mọ̀nàmọ́ná yìí ti di ọjà káàkiri ayé. Láti ọdún 1975, ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta wọn lọ tí a ti kó láàyè jáde ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá láti Tógò, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọdẹ a máa wú abo olóyún àti ẹyin nínú ihò lóko, wọn a kó wọn fún oníṣòwò, ẹyin a pa lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ a sì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní àwọn ń dá díẹ̀ padà sínú igbó. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù, òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ejò tí wọ́n ń sìn nínú ilé, ìbéèrè tí wọ́n sì ń béèrè jù nípa rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ wa: kò jẹun, kí ni kí n ṣe? Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lónìí ni wọ́n bí sínú àpótí. Ṣé èyí tí a bí sínú àpótí wá ń jẹun dáadáa ni? Wọ́n ti bí wọn ní àbíṣà fún àwọ̀ ara títí ìran kan fi wà, èyí tí wọ́n ń pè ní spider, tí orí rẹ̀ ń gbọ̀n, tí òmíràn nínú wọn sì ń ta oúnjẹ lásè bí ó bá ta ẹnu sí i. Ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ti wà ní British Museum láti ọdún 1924. Igi ni ìyẹn, kò bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ejò ń bèèrè, àìjẹun sì ni ó fi ń bèèrè.

Àwọn kan tilẹ̀ wà nítòsí tí wọ́n mọ ìdáhùn. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé òrìṣà Dangbe dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, mọ̀nàmọ́ná sì ni ó kún inú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1700 ni Willem Bosman, oníṣòwò ará Họ́láǹdì, ti ń kọ̀wé nípa ejò wọ̀nyí, ó sì fi wọ́n ṣẹ̀sín dáadáa. Ohun tí n kò rí kí àwọn ẹlẹ́yà kíyè sí ni bí ejò náà ṣe ń jẹun. Wọn kì í rọ wọ́n. Wọn a máa ṣílẹ̀kùn fún wọn lálẹ́ kí wọ́n jáde lọ ṣọdẹ ara wọn nínú ìlú. Ẹni tí ó bá bá ọ̀kan nínú ilé rẹ̀ lówùúrọ̀, yóò gbé e padà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kì í ṣe ẹlẹ́sìn Dangbe. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ń bá ejò gbé ilé, àwọn nìkan ni ìlẹ̀kùn wọn ń ṣí.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Àwọn kìn-ín-ní yóò ní ejò ni, orí ni a ń fọ́. N kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ wọn: mọ̀nàmọ́ná tí ń jẹ eku oko ń bá wọn ṣọ́ iṣu, bí wọ́n bá sì ń pa á, kí wọ́n má ráhùn sí mi nípa eku. Àwọn kejì ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ọ̀làjú ni kí a máa sin ejò nínú ilé, pé bí a bá sìn ín, a kò ní pa á mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń ti ẹnu wọn jáde. Sìn ni à ń sin òrìṣà, sìn ni à ń sin ọba, sìn náà ni à ń sin adìẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè máa jiyàn bóyá orírun kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Etí ọmọ Yorùbá kò yà wọ́n. Adìẹ tí à ń sìn ń jáde lówùúrọ̀, ó ń padà lálẹ́ nítorí ó mọ ilé. Ewúrẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀. Èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣílẹ̀kùn báyìí, kò ní padà wá mọ́, ṣé a lè sọ pé à ń sìn ín? Ẹ̀wọ̀n ni orúkọ ìyẹn, ẹlẹ́wọ̀n tí kò jẹun sì ní ohun tí ó ń wí.

Ọmọ àbúrò mi ṣe gbogbo ohun tí mo ní kí ó ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ó sáré dé, kò tilẹ̀ rántí kí mi. "Ó ti jẹ ẹ́, Bàbá! Ó ti jẹ èlírí náà!" Inú rẹ̀ dùn débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀ nígbà tí ó béèrè bóyá ó lè máa sìn ín lọ báyìí.

A dúró fún ọjọ́ márùn-ún kí oúnjẹ lè dà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbé àpótí lọ sí ẹsẹ̀ òkè Olóṣùnta ní ìrọ̀lẹ́, sí etí oko tí ó ti rí i, a sì gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá àlàpà òkúta kan. Ó ṣù bí bọ́ọ̀lù, kò mira fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni ó yọ orí, ó sì wọ abẹ́ òkúta lọ. Ọmọ náà gbé òfìfo àpótí rẹ̀ sórí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé.