Mẹ́gáàdì kọ̀ǹpútà lé àlejò ire, ó ní olè ni

Ẹni tó bá mọ òpópónà Igbosere, l'Érékùṣù Èkó, mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́yà ń wọlé, lọ́yà ń jáde. Àwọn tó ń tẹ ìwé ìbúra ń tẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ń ṣe é, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò sì ní í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun. Ohun téèyàn bá sì fi ń jẹun, àfi kó wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ náà ni antivirus, mẹ́gáàdì inú kọ̀ǹpútà.

Mẹ́gáàdì yìí kì í sùn, kì í gba rìbá, kì í lọ mu tíì lẹ́yìn ọgbà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, á dì mọ́ àlejò ire lẹ́nu ọ̀nà, á ní olè ni, á sì tì í mọ́lé.

Ẹ wo bó ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá lọ́yà àgbà kan ṣiṣẹ́ n'Igbosere. Bí ọ̀gá bá ti lọ sí kọ́ọ̀tù láàárọ̀, kọ̀ǹpútà á kàn jókòó ni, á máa jẹ iná lásán. Ọmọkùnrin náà wá gbọ́ pé èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà tí kò ṣe nǹkan kan ran àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, láìgba kọ́bọ̀. Inú ẹ̀ dùn, ló bá dáńlóòdù ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí àmì pupa fi yọ: "Ewu! A ti dá fáìlì yìí dúró." Ó tún un ṣe, wọ́n tún dá a dúró. Ibẹ̀ ló wà tí ọ̀gá fi wọlé.

"Kí lèyí tó ń pupa lójú kọ̀ǹpútà mi yìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Iṣẹ́ ìrànwọ́ kan ni. Wọ́n fi ń wádìí oògùn àìsàn ni, sà."

"Oògùn kẹ̀? Nínú kọ̀ǹpútà tí ẹjọ́ àwọn oníbàárà mi wà? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́yà lọ́wọ́ mi ni?"

Ta ló jẹ̀bi nínú àwọn mẹ́ta yìí: ọmọ ni, àbí ọ̀gá, àbí mẹ́gáàdì? Agbẹjọ́ẹnìkandájọ́, òṣìkà èèyàn. Ẹ jẹ́ kí kálukú rojọ́ tiẹ̀.

Ẹjọ́ ọmọ: ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe

Ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ ṣe kì í ṣe àjèjì sílẹ̀ Yorùbá rárá. Ọ̀wẹ̀ ni. Bí oko ẹnì kan bá tóbi ju agbára ẹ̀ lọ, á bẹ àwọn èèyàn lọ́wẹ̀, kálukú á gbé ọkọ́ tiẹ̀ dání, kí oòrùn tó mú, ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ní oko, oko ìṣirò ni tiwọn. Ìṣirò náà pọ̀ débi pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lè kú kó má parí. Ni wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi ìkọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá yọ̀ǹda tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ṣe tiẹ̀, á dá èsì padà, wọ́n á tún fún un ní òmíràn.

Ní May 17, 1999, àwọn kan ní Yunifásítì California, ní Berkeley, bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní SETI@home. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà aráàlú yẹ ìró tó ń wá láti ojú ọ̀run wò, bóyá ẹ̀dá kan wà lọ́hùn-ún tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó dá sí i lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tó di March 31, 2020, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ pípín dúró. Wọn ò tíì gbúròó ẹ̀dá kankan, ṣùgbọ́n àwọn ará Berkeley yìí kan náà ló ṣe BOINC, ìyẹn ọkọ́ tí ọ̀pọ̀ ọlọ́wẹ̀ kọ̀ǹpútà ń lò títí dòní.

Bí ẹnì kan bá ní kí ló kan ará Èkó nínú ojú ọ̀run, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ti ibà. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2023, nínú èèyàn mẹ́wàá tí ibà pa lágbàáyé lọ́dún 2022, bíi mẹ́ta ló jẹ́ ará Nàìjíríà. Ilé ìwádìí kan ní Basel, lórílẹ̀-èdè Switzerland, tó ń wádìí àìsàn ilẹ̀ olóoru, ló dá ọ̀wẹ̀ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ malariacontrol.net. Kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ni wọ́n fi ń ṣírò bí ibà ṣe ń ti ara ẹ̀fọn dé ara èèyàn, àti ìyàtọ̀ tí nẹ́ẹ̀tì, oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè mú wá. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n fi ṣe é kó tó parí ní 2016. Ilé iṣẹ́ IBM náà dá World Community Grid sílẹ̀ ní 2004, wọ́n sì wá oògùn ibà lórí ẹ̀ láti 2011 sí 2013. Láti 2021, ọwọ́ ilé ìwádìí Krembil, ní Toronto, ni ètò náà wà.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, àwọn èèyàn rọ́ lọ sí Folding@home láti ran àwọn tó ń wádìí àrùn náà lọ́wọ́. Ní March ọdún náà, agbára gbogbo kọ̀ǹpútà wọn pa pọ̀ kọjá ìṣirò bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ilé lásánlàsàn nìyẹn o, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, ọmọ yẹn kì í ṣe ìránù.

Ẹjọ́ mẹ́gáàdì: ìwà olè ni mo rí

Mẹ́gáàdì náà ní ẹjọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló fi ń dá olè mọ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n fún un ní ìwé tí àwòrán àwọn ògbólógbòó olè wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá jọ ọ̀kan níbẹ̀, ó dì í mú. Ìkejì, ó ń wo ìwà. Ìkẹta, ó ń béèrè pé ta ló mọ̀ ọ́n rí. Fáìlì tí èèyàn púpọ̀ ò tíì lò, ó ń fura sí i.

Ẹ wá fi ọlọ́wẹ̀ yìí síwájú ẹ̀. Ó wọlé, ó sì ń gbé fáìlì tuntun wá láti òkèèrè láìbéèrè lọ́wọ́ onílé. Lẹ́yìn èyí, ó gbá kọ̀ǹpútà mú, ó ń mú un ṣiṣẹ́ bí ẹrú, fáànù inú ẹ̀ ń pariwo. Ó tún ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síta lábẹ́nú. Ẹ sọ òótọ́: kí ni olè ń ṣe tó ju ìyẹn lọ?

Àwọn olè gan-an ló tún bà á jẹ́. Láti 2017 sí 2019, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣí ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìmọ̀ pé nǹkan kan tó ń jẹ́ Coinhive wà níbẹ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn wa owó fún ẹlòmíì. Ní 2000 ńkọ́? Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bymer ń yọ́ wọ kọ̀ǹpútà tí wọn ò tilẹ̀kùn ẹ̀ dáadáa, ó sì ń gbé ojúlówó ètò distributed.net, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́wẹ̀, síbẹ̀ láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Ètò náà kò ní àbùkù, àmọ́ olè ló gbé e wọlé. Ṣé mẹ́gáàdì tó ti rí irú ìyẹn rí yóò tún sùn?

Ẹjọ́ ọ̀gá: ta lo tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọ̀gá náà ò ṣẹ̀ láti bẹ̀rù. N'Igbosere tí wọ́n ti sun kọ́ọ̀tù gíga ní October 2020, tí ìwé ẹjọ́ àwọn èèyàn jóná di eérú, kò sí lọ́yà tó gbàgbé ohun tó ń jẹ́ àdánù ìwé. Bí ti iná ṣe rí, ti kọ̀ǹpútà náà ń bẹ. Ní May 2017, WannaCry ti fáìlì àwọn èèyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́jọ, ó ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó rí i ṣí. Ó dé àwọn ọsibítù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé.

Èyí tó wá burú nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni pé kò tọrọ àyè. Ọkọ́ ọlọ́kọ́ ló gbé lọ sóko ọ̀wẹ̀. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ gbé ètò distributed.net sórí àwọn kọ̀ǹpútà náà láìgbàṣẹ. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án ní 2001, ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ sì ń wò ó lójú. Ní January 2002 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀: kò lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ó sanwó, wọ́n sì ní kó máa ṣọ́ ìwà ẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Nítorí iṣẹ́ àánú o!

Iná ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ń jẹ iná ju èyí tó jókòó lọ. BOINC máa ń dúró fúnra ẹ̀ bí láptọ́ọ̀pù bá ń lo bátìrì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì ò mọ̀ bóyá iná NEPA ló ń jẹ tàbí jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá tó ń ra epo ló mọ̀.

Ìdájọ́

Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé bí mẹ́gáàdì bá ti dí ọ̀nà, àwọn kan á ní, "Pa antivirus yẹn jàre." Wọ́n á pa á, wọ́n á gbàgbé láti tan án padà, lọ́la ẹnì kan á ti fláàṣì tó gbé wá láti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bọ̀ ọ́, ó parí. Wọn kì í torí pé mẹ́gáàdì ṣi èèyàn mú kan, kí wọ́n wá yọ géètì. Ńṣe ni wọ́n ń mú àlejò hàn án.

Àkọ́kọ́, kí oníkọ̀ǹpútà gbàṣẹ. Bí kọ̀ǹpútà ò bá jẹ́ tiẹ̀, tí wọn ò sì gbà fún un, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìkejì, kó rí i dájú pé ojúlé ẹgbẹ́ náà gan-an lòun ti dáńlóòdù, kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́. Nínú BOINC, ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ máa ń fi òǹtẹ̀ sí fáìlì, inú ẹ̀rọ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì yẹ kí wọ́n máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ òǹtẹ̀ náà sí. Kọ̀ǹpútà ọlọ́wẹ̀ á yẹ òǹtẹ̀ yìí wò kó tó ṣí fáìlì.

Ìkẹta, kó fi fáìlì tí wọ́n tì mọ́lé náà han àwọn mẹ́gáàdì mìíràn. Ojúlé kan wà tó ń jẹ́ VirusTotal, bíi àádọ́rin antivirus ló máa ń yẹ fáìlì kan wò níbẹ̀. Bí ẹyọ kan bá pariwo tí ìyókù dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìmú. Bí ogún bá pariwo, kó sá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé ìwé oníbàárà lọ síbẹ̀ láé, nítorí ohun tí wọ́n bá gbé síbẹ̀, ojú ẹlòmíì lè tó o.

Ìkẹrin, kó kọ̀wé sí àwọn tó ṣe antivirus náà pé wọ́n ṣi èèyàn mú. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ń gba irú ẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì yọ àwòrán ẹ̀ kúrò nínú ìwé olè bí wọ́n bá rí i pé kò lẹ́ṣẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni àwọn ọlọ́wẹ̀ ibòmíì máa rí ọ̀nà. Bó bá di kánjúkánjú, kó sọ fún mẹ́gáàdì pé kó má yẹ fóldà BOINC nìkan wò, kì í ṣe gbogbo ilé. Síbẹ̀, yàrá tí mẹ́gáàdì kì í yẹ̀ wò, olè lè sá pamọ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú àyè bẹ́ẹ̀ ò fi tọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí àṣírí ẹlòmíì wà.

Kí ọkàn ọmọ yẹn sì balẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró lọ́wọ́ ẹ̀ ò sọnù. Àwọn tó ń pín iṣẹ́ á rí i pé èsì ò wá, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Ohun tí wọ́n pàdánù ni àkókò, èyí tí ìwádìí àìsàn ò sì ní láti fi ṣòfò nìyẹn.

Bí ọ̀gá yẹn bá jẹ́ olóye, kò ní lé ọmọ náà níṣẹ́. Á ní, "Yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, tí kò sí ìwé kankan nínú ẹ̀, mú un, gbé ọ̀wẹ̀ rẹ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá ti mú iná lọ, pa á."

Ọmọ náà á sì dọ̀bálẹ̀: "Ẹ ṣé, sà."