Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́, Ẹ Má Ṣe Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kan ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ yìí ti rí. Ní ọdún 2007, Michelin dá táyà ṣíṣe dúró ní Port Harcourt. Ní 2008, Dunlop ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline kéde pé àwọn yóò fòpin sí iṣẹ́ àwọn ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka iṣẹ́ tó bọ́ sí ohun ìtìjú.

Ìtìjú yìí ló ń fi ebi pa ọ̀pọ̀ lára wa. Ẹlòmíràn yóò gba létà ìdádúró, kò ní sọ fún ẹnìkan. Láàárọ̀ yóò múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, yóò lọ jókòó sí gáréèjì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ta ni yóò bá a wáṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò níṣẹ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọn kì í lẹ̀ mọ́ géètì. Fóòmánì yóò kàn sọ pé òun ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ wẹ́dà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹnìkan ti mú ẹnìkan wá.

Ta ni kí á wá sọ fún? Ẹ sọ fún ẹbí àti aládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ ń jí, tí ẹ jọ ń sùn, ohun tí ẹ gbọ́ ni òun náà gbọ́. Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí tó ti kúrò, ẹni tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́, ẹni tí ẹ ń bá pàdé níbi ìpàdé ọmọ ìlú. Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Awakọ̀ tó ń já ẹrù ní Ọ̀tà àti Agbára mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ tuntun kalẹ̀ ṣáájú àwa tí a dúró ti ẹ̀rọ kan láti àárọ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan, Mark Granovetter, wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú Newton ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Nínú 100 tí ojúlùmọ̀ bá rí iṣẹ́, nǹkan bí 17 péré ló jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń rí nígbà gbogbo ló sọ fún wọn. Àwọn tó kù gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má kàn sọ pé “ẹ bá mi wáṣẹ́.” Ẹ dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, iye ọdún tí ẹ fi ṣe é, irú ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀ tí ẹ lè lò, àti ìwé ẹ̀rí tí ẹ ní. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere ni ènìyàn lè bá yín gbé dé ọ̀dọ̀ máníjà.

Ẹ má sì dúró de létà. Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù nítorí pé wọ́n pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ti pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Abala 11 sì fún ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti gbọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí ẹ bá gbọ́ pé àyè ṣí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dé etí ẹni tó ń wá a. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó gba rìbá lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa kó tó júwe iṣẹ́ fún un kì í ṣe ará wa. Ẹ má ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹni tí ẹ kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí orúkọ yín ló fi wọlé. Ẹ má kó ará ìlú yín nìkan wọlé. Ìyapa ni èyí ń gbìn sáàárín òṣìṣẹ́, máníjà ni yóò sì kórè rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má mú ẹnikẹ́ni wá sí àyè ẹni tí wọ́n lé láìtọ́, tí ẹgbẹ́ ṣì ń jà fún.

A rọ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa kí wọ́n ṣí ìwé kan sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ orúkọ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ojú kan. Kí ẹni tó gbọ́ ìròyìn àyè kọ ọ́ sí ojú kejì. Kí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ máa kà á sétí gbogbo wa ní ìpàdé. Ìwé kan àti bírò kan kò ju agbára wa lọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.